Àlùfáà Tó Gbèjà Àwọn Ẹyẹ

Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa. Àlùfáà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni, Francis Orpen Morris lorúkọ rẹ̀. Nítorí ohun tó ṣe fún àwọn ẹyẹ la fi ń rántí ẹ̀.

Ireland ni wọ́n bí i sí ní 1810. Ó kàwé ní Oxford, ó wá ṣiṣẹ́ àlùfáà ní Yorkshire. Ní 1854 ó dé abúlé Nunburnholme, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1893.

Morris fẹ́ràn ẹyẹ púpọ̀. Ó kọ ìwé ńlá kan nípa àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀wọ́ mẹ́fà. Benjamin Fawcett, atẹ̀wé ní ìlú Driffield, ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbẹ́ àwòrán sára igi, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi ọwọ́ kun ún ní àwọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tà á, lóṣooṣù. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe mọ ẹyẹ tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ohun tí a bá mọ orúkọ rẹ̀, a kì í fẹ́ kó ṣègbé.

Kí ló ń pa ẹyẹ nígbà náà? Ní Flamborough àti Bempton, létí òkun Yorkshire, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ ló ń yé ẹyin sára àpáta gíga. Nígbà tí rélùwéè dé ìtòsí ibẹ̀, àwọn èèyàn ń gbé ìbọn wá. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sábẹ́ àpáta, wọ́n á máa yìnbọn fún ìgbádùn lásán. Àkókò tí ẹyẹ ń tọ́mọ gan-an ni! Bí ìyá bá kú, ebi á pa ọmọ kú sínú ìtẹ́. Wọ́n ń ta ìyẹ́ funfun wọn fún àwọn tó ń ṣe fìlà obìnrin. Inú àwọn atukọ̀ ò dùn, torí bí kùrukùru bá bolẹ̀, igbe ẹyẹ ló ń kìlọ̀ fún wọn pé àpáta wà níwájú.

Ní 1868, àlùfáà mìíràn, Barnes-Lawrence ará Bridlington, kó àwọn èèyàn jọ láti gbèjà ẹyẹ òkun. Morris wà lára àwọn tó jà fún un. Lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ni ohun ìjà tirẹ̀. Christopher Sykes gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé aṣòfin. Òfin jáde ní 1869: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ẹyẹ òkun. Owó ìtanràn lè tó pọ́n-ùn kan lórí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ fìlà ò tíì kúrò lórí. Wọ́n ń kó ìyẹ́ ẹyẹ bíi lékeléke wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí náà, ní 1885, Morris àti Lady Mount Temple dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n má fi ìyẹ́ ṣọ̀ṣọ́ mọ́. Àwọn obìnrin mìíràn tún dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1889. Ọdún 1921 ni òfin tó dá òwò ìyẹ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró tó jáde. Morris ti kú.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló tọ́. Ó bá Darwin jà gan-an. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun kan dájú: bí kò bá sí ẹni tó ń rà, ta ni apẹyẹ fẹ́ tà fún?

Ìbéèrè: Kí lẹ wọ̀ lónìí? Ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá?