Òkìtì Ìgbẹ́ Adìẹ: Iṣẹ́ Ọ̀gbẹlẹ̀ ní Ìkirè àti Apòmù

Bí òjò bá ti dá lóṣù kọkànlá, tí àwọn onẹ̀fọ́ bọ́ sí àkùrọ̀, ìgbẹ́ adìẹ di ohun tí gbogbo ọwọ́ ń wá. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìgbẹ́ tútù tí wọ́n gbá lábẹ́ kéèjì láàárọ̀, tó sì dé orí ebè tẹ̀tẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Tí a bá po tetracycline mọ́ omi adìẹ, púpọ̀ rẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé. Ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí tí oògùn ò ràn ti ń gbilẹ̀. Jíìnì tó ń dáàbò bò wọ́n ò sì dúró sójú kan: kòkòrò kan lè fà á lé òmíràn lọ́wọ́, bí wọn ò tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Lọ́dún 2015 ni àwọn onímọ̀ kéde jíìnì kan tó ń jẹ́ mcr-1 ní China, lára ẹlẹ́dẹ̀, lára ẹran ọjà àti lára aláìsàn. Jíìnì yìí kì í jẹ́ kí colistin ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ oògùn tí dókítà ń sá bá nígbà tí ìyókù bá kùnà ni.

Sísá ìgbẹ́ sóòrùn ò tó. Ẹ kó o jọ gègèrè, níbi tó jìnnà sí kànga àti odò. Adágún Aṣèjíre tí Ìbàdàn ń mu ò kúkú jìnnà sí wa. Ẹ pò ó mọ́ èèpo kókó tí a gé wẹ́wẹ́, èérún pákó, àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń dín dòdò Ìkirè. Ẹ wọ́n omi sí i títí ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀, bí ẹ bá fún un, yóò fi kán tó-tó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ki irin gígùn bọ àárín rẹ̀. Bí ẹ bá fà á yọ tí ọwọ́ ò gbà á, òkìtì ti ń gbóná nìyẹn. Ooru 55°C sókè la ń wá. Ní Amẹ́ríkà, òfin oko tí kì í lo kẹ́míkà ní kí òkìtì gbọọrọ wà nínú ooru yẹn fún ọjọ́ 15, kí wọ́n sì yí i nígbà 5. Ẹ má fo yíyí yẹn: ẹ̀gbẹ́ òkìtì kì í gbóná bí inú, ibẹ̀ ni kòkòrò ń sá sí.

Síbẹ̀, ooru tó pa kòkòrò lè má pa jíìnì rẹ̀ tán. Irú jíìnì bíi sul1 máa ń ṣẹ́ kù, ó sì lè tún pọ̀ bí òkìtì bá tutù. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látinú ilé adìẹ. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa Gumboro àti Newcastle, ańtíbáyọ́tíìkì ò sì ran fáírọ́ọ̀sì. Àjẹsára ni kí ẹ fún wọn lásìkò, kí ẹ pe dókítà ẹran kí ẹ tó já ọ̀rá oògùn.