Tútù Lọ́tọ̀, Gbígbẹ Lọ́tọ̀: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Pàǹtírí Kúrò Nínú Ọgbà Yunifásítì

Ẹni tó bá gba títì láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, Àkùngbá ni yóò là kọjá. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà, láàárín àwọn òkè olókùúta ilẹ̀ Àkókó. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó yunifásítì ìpínlẹ̀ Òǹdó wá síbẹ̀ láti Adó-Èkìtì ní 1999 ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń da nǹkan nù ní ìlú náà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò ju èyí lọ: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ajẹkù oúnjẹ lọ́wọ́, inú garawa wo ló yẹ kó dà á sí, kí sì nìdí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú pàǹtírí ọ̀hún. Àwọn onímọ̀ tú ti Yunifásítì Èkó wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 32 ni ọgbà náà ń kó jọ lójúmọ́. Ọ̀rá ló pọ̀ jù, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Bébà kó ìdá 15, ajẹkù oúnjẹ àti àwọn ohun mìíràn tó ń jẹrà kó ìdá 15, ike kó ìdá 9. Àkùngbá kò tóbi tó Èkó, ṣùgbọ́n ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: omi inú ọ̀rá, mínírà inú ike, páálí, ìwé tí wọ́n ti lò tán, ìrẹsì àti ẹ̀wà.

Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ló ṣì ní olùrà. Ọbẹ̀ ló ń bà wọ́n jẹ́. Inú omi ni ilé iṣẹ́ tó ń sọ bébà àlòkù di tuntun ti ń pò ó. Epo kì í bá omi lọ, ara bébà ló máa ń lẹ̀ mọ́, ìwé tó bá sì ti rin epo kò wúlò fún wọn mọ́. Ìṣẹ́jú tí ajẹkù ẹ̀wà bá kan páálí gbígbẹ nínú garawa kan náà ni owó ti sọ nù, kò sí ọkọ̀ tó lè dá a padà.

Ajẹkù oúnjẹ yìí náà ló ń pe eku, ọ̀rọ̀ eku kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní agbègbè wa. Òǹdó, pẹ̀lú Ẹdó àti Bauchi, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń bá fínra jù ní Nàìjíríà. Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó kan náà, ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn náà wà. Kòkòrò àrùn yìí, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, ń gbé lára eku kan tó fẹ́ràn láti máa bá èèyàn gbélé. Bí eku náà bá tọ̀ tàbí tó yàgbẹ́ sórí gàrí tàbí ìrẹsì tí wọn kò dé, ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè kó ibà náà. Nítorí náà, garawa ajẹkù oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó pa dáadáa, kí wọ́n sì gbé e kúrò nínú ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ilẹ̀ Àkókó tún ní ewu tirẹ̀. Àpáta tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Inú erùpẹ̀ tó bo àpáta náà àti inú ibi tó ti sán ni omi kànga wa wà. Bí òjò bá rọ̀ sórí ààtàn, omi dúdú á máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Níbi tí erùpẹ̀ kò bá ti nípọn, kò sí ohun tí yóò sẹ́ omi náà kó tó dé kànga. Ásíìdì tó ń jáde lára oúnjẹ tó ń jẹrà a sì máa yọ́ òjé àti irin olóró mìíràn láti inú bátìrì tó bá wà níbẹ̀.

Sísun pàǹtírí kọ́ ni àbáyọ. Ní Yúróòpù, òfin ní kí iná ilé iṣẹ́ tó ń sun pàǹtírí gbóná dé ìwọ̀n 850 sẹ́ńtígíréèdì ó kéré tán. Iná ẹ̀yìnkùlé kì í tó bẹ́ẹ̀. Tí ike PVC bá wà nínú rẹ̀, ó ń tú dioxin sínú afẹ́fẹ́, májèlé tó lè fa jẹjẹrẹ, tí àdéhùn Stockholm ti 2001 ní kí gbogbo ayé gbógun tì.

Ní Kamikatsu, ìlú kékeré kan ní Japan tó pinnu ní 2003 pé òun fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ sísun pàǹtírí àti bíbò ó mọ́lẹ̀, ọ̀nà tó lé ní 40 ni wọ́n ń ya pàǹtírí sí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni ní Àkùngbá nímọ̀ràn pé kó fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Garawa méjì tó fún ilé kan: tútù, bí ajẹkù oúnjẹ, lọ́tọ̀; gbígbẹ, bí bébà àti ike, lọ́tọ̀. Méjì tí gbogbo èèyàn lóye sàn ju márùn-ún aláràbarà tí ohun kan náà kún inú wọn.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ garawa kankan: kẹ́míkà láti yàrá àyẹ̀wò, abẹ́rẹ́, bátìrì, kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, gílóòbù gígùn tó ní mẹ́kúrì nínú. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àpótí alágadágodo fún wọn, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa kó wọn. Nàìjíríà ti rí ohun tí ìdọ̀tí olóró ń ṣe. Ní 1988, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá oró láti Ítálì ni wọ́n rí ní Kókó, ní Delta òde òní, èyí ló sì mú kí ìjọba ṣòfin lé e lọ́dún náà.

Ní ti èyí tútù, ó lè di ajílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Òǹdó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 2006 fún irú iṣẹ́ yìí. Èèpo iṣu, ajẹkù oúnjẹ, ewé gbígbẹ àti ìyẹ̀fun pákó ni wọ́n máa ń pò pọ̀, wọ́n á máa yí i kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Bí ó bá gbóná tó ìwọ̀n 55 fún ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò àrùn inú rẹ̀ á kú. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, ó ti ṣeé kó lọ sóko.

Ẹ̀yin alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, ẹ má tíì ra garawa tuntun. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọkọ̀ pàǹtírí yín, kí ẹ wo ibi tó ń da ẹrù rẹ̀ sí. Bí ó bá ń da tútù àti gbígbẹ sójú kan náà, ibẹ̀ ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.