Bí Apá Kan Lójú Excel Bá Di Àwátì

Ìwé ìlàlóye fún akọ̀wé ẹgbẹ́, onítajà àti òṣìṣẹ́ kílíníìkì ní Nima àti Mamobi

Àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí ọjà Nima ń kún, kì í ṣe ìgbà tí akọ̀wé ń fẹ́ wàhálà. Ó ṣí ìwé ìṣirò, bọ́tìnnì òkè kò sí. Tàbí kó jẹ́ pé orúkọ àwọn ojú ìwé tó máa ń wà nísàlẹ̀ ti pòórá, tàbí kí nọ́ńbà ìlà fò láti 6 bọ́ sí 19. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Circle, wọ́n á sanwó kí wọ́n bá wọn fọ́mátì rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe Excel náà. Nǹkan kan ló pa mọ́, ohun tó pa mọ́ sì ṣeé tú síta. Fọ́mátì ló ń nu fáìlì dànù ní tòótọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ lọ sí File, ẹ yan Save As, kí ẹ fún fáìlì náà ní orúkọ mìíràn. Tí File pàápàá kò bá hàn, ẹ tẹ F12. Ẹ̀dà yìí ni kí ẹ fi wádìí. Ẹ jẹ́ kí ògidì rẹ̀ sinmi.

Bọ́tìnnì òkè

Láti Excel ti ọdún 2007 ni Microsoft ti fi ọ̀já gbọọrọ kan tó kún fún bọ́tìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní ribbon, rọ́pò àkójọ àṣẹ àtijọ́. Ọ̀já yìí ṣeé ká bí ẹní. Bí ìka yín bá tẹ Home tàbí View lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ó ti ká nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹ pète rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl àti F1 pa pọ̀, á tú padà. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, F1 ló ń dín ohùn tàbí ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹ tẹ Fn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tó ra home-used tó ti Jámánì wá, ẹ má wá Ctrl títí: Strg ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tí Excel inú rẹ̀ bá ṣì ń sọ èdè ibi tó ti wá, ohun tí a ń pè ní View nínú ìwé yìí ni Ansicht lédè Jámánì, òun náà ni Affichage lédè Faransé.

Tí gbogbo òkè bá di òfìfo, tó fi mọ́ orúkọ fáìlì, ẹ gbé atọ́ka lọ sí òkè pátápátá kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀já náà á sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá Ribbon Display Options lápá ọ̀tún, kí ẹ yan Always show Ribbon. Nínú Excel tó ti pẹ́ díẹ̀, Show Tabs and Commands ni wọ́n kọ síbẹ̀. Fún àwọn tó ń lo Google Sheets, Ctrl, Shift àti F ló ń dá àwọn àṣẹ òkè padà. Ní LibreOffice, Ctrl, Shift àti J ni.

Ibi tí fọ́múlà ti ń hàn, àti lẹ́tà òpó

Inú View ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo èyí wà. Ẹ fi àmì sí Formula Bar kí ibi ìkọ fọ́múlà padà, sí Headings kí lẹ́tà òpó àti nọ́ńbà ìlà padà, sí Gridlines kí ìlà tín-ín-rín padà. Tí Gridlines bá ti ní àmì tí ìlà kò sì hàn, ẹnì kan ti fi àwọ̀ funfun kun ojú ìwé náà. Ẹ fi No Fill nu ún. Tí A, B, C ti òkè bá di 1, 2, 3, ẹ lọ sí File, Options, Formulas, kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú R1C1 reference style.

Ọ̀kan wà tó ń da ọ̀gá pàápàá láàmú. Ìlà òkè kò sí, ẹ tẹ Unhide, kò gbọ́. Ẹ yí ojú ìwé sókè, kò lọ. Ẹni tó lo Freeze Panes ti kọ́kọ́ yí ojú ìwé wá sísàlẹ̀ kó tó dì í, ìlà òkè sì há sẹ́yìn. View, Freeze Panes, Unfreeze Panes: wọ́n á jáde.

Orúkọ ojú ìwé nísàlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ tẹ òkè fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì kó lè gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, torí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ti wọ abẹ́ taskbar. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo ọ̀pá ìyíwé tó wà nísàlẹ̀, bóyá wọ́n ti fà á bo àwọn orúkọ náà. Ẹ fà á padà sọ́wọ́ ọ̀tún. Èyí tó kù wà nínú File, Options, Advanced: Show sheet tabs.

Tí ó bá jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo ni kò sí, ẹ tẹ apá ọ̀tún máùsì lórí èyí tó kù, kí ẹ yan Unhide. Bí Unhide bá ṣú tí kò ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹ sì mọ̀ pé ojú ìwé kan pa mọ́, akápò tàbí alága ti fi Protect Workbook tì í. Ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò dára kí akọ̀wé máa já títì ẹgbẹ́.

Ìlà tó fò, àti ìjà owó

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kàwé yìí. Ká ní ẹgbẹ́ àjọ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 30, kálukú dá 100 sídì. Akọ̀wé fi Filter yan àwọn tó ń gbé Mamobi, àwọn 12, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Fọ́múlà SUM tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sọ pé owó jẹ́ 3,000, nítorí pé SUM ń ka ohun tó pa mọ́ pẹ̀lú. Àmọ́ tí ẹ bá fi máùsì gba òpó owó náà, Sum tó ń hàn ní ìsàlẹ̀ pátápátá á sọ pé 1,200, èyí tó hàn nìkan. Èèyàn méjì á di kọ̀ǹpútà kan náà mú, wọ́n á sì máa pe ara wọn lólè.

Àmì Filter ni pé nọ́ńbà ìlà á di àwọ̀ búlúù, á sì máa fò. Ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Clear. Tí nọ́ńbà bá fò ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ọwọ́ ni wọ́n fi pa á mọ́: ẹ fi Ctrl àti A gba gbogbo ojú ìwé, ẹ tẹ apá ọ̀tún máùsì lórí nọ́ńbà ìlà kan, kí ẹ yan Unhide. Títí tí gbogbo ìlà á fi hàn, ẹ má ṣe lẹ nǹkan mọ́ ojú ìwé náà, torí ohun tí ẹ lẹ̀ lè bọ́ sórí ìlà tí ẹ kò rí.

Èyí tó sọnù ní tòótọ́

Lóṣù September ọdún 2020, Public Health England, iléeṣẹ́ ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kó àbájáde àyẹ̀wò kòrónà sínú fáìlì Excel irú ti àtijọ́, .xls. Ojú ìwé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Èyí tó ṣẹ́kù dà nù láìsí ìkìlọ̀: láàárín 25 September sí 2 October, àwọn 15,841 tó ní àrùn náà kò wọ inú iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́, wọn kò sì tètè wá àwọn tó ti bá wọn pàdé. Unhide kò lè mú irú ìwọ̀nyí padà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ kílíníìkì tó ń gba àkójọ gígùn jáde láti inú DHIMS2, ẹ wo ẹ̀yìn orúkọ fáìlì. Tó bá jẹ́ .xlsx, ojú ìwé kan gba ìlà 1,048,576. Tó bá jẹ́ .xls, ẹ yí i padà sí .xlsx kí ẹ tó kó nǹkan sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi iye ìlà tó wọlé wé iye tó wà níbi tí ẹ ti kó o.

Tí ẹ bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ tẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ bo orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà Ghana Card kí ẹ tó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Òfin 843 ti ọdún 2012, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹnikẹ́ni ní Ghana, kan ẹgbẹ́ àjọ náà.