Kí Ló Dé Tí Bàálù Yín Ń Yí Po Lókè Èkó Kó Tó Balẹ̀?

Àkọsílẹ̀ ohun tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí dátà yín ò tó láti gbọ́ ọ, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

Ní Mafoluku tí mò ń gbé, a ti mọ ariwo bàálù bí ẹni mowó. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí wa rárá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò mọ ẹni tó ń sọ fún bàálù pé, "Ìwọ kọ́kọ́ wọlé, ìwọ ní sùúrù ná." Bí ẹ bá ti wà nínú bàálù kan rí tó ń yí po, tó tún ń yí po, tí ẹni ẹ̀gbẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ lónìí.

Afẹ́fẹ́ lọ̀gá

Rọ́nwè méjì ló wà ní pápákọ̀ yìí. Èyí tó gùn jù tó mítà 3,900, èkejì tó wà lápá ibi tí àwọn bàálù abẹ́lé ń lò jẹ́ mítà 2,743. Wọ́n kọ 18 sí ìdí kan rọ́nwè kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ 36 sí ìdí kejì. Kọ́ńpáàsì ni nọ́ńbà yẹn ti wá: 18 dúró fún 180, ìyẹn gúúsù; 36 dúró fún 360, ìyẹn àríwá.

Bàálù gbọ́dọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ balẹ̀, torí ìyẹn ló máa ń dín eré rẹ̀ kù. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀ ló pọ̀ jù lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàálù fi ń gba òkè Ìjù àti Agége wọlé, tí wọ́n á kọjú sí òkun. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́, wọ́n lè gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ wọlé dípò bẹ́ẹ̀.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́

Àwọn olùdarí tó ń ṣiṣẹ́ yìí wà lábẹ́ àjọ NAMA. Kì í ṣe ẹnì kan ló ń mú bàálù láti òkèèrè dé ilẹ̀. Olùdarí kan ń mójú tó bàálù tó ṣì wà lókè réré. Bó bá ti sún mọ́ Èkó, á fà á lé ẹni tó ń tò wọ́n wọlé lọ́wọ́. Ẹni yẹn ló ń sọ pé, "Yà sọ́tùn-ún, dín eré kù, sọ̀ kalẹ̀." Bó bá ku díẹ̀, á fi í lé ọwọ́ àwọn tó wà nínú ilé gogoro, àwọn tó ń fojú ara wọn wo rọ́nwè, tí wọ́n sì ń fún un láṣẹ láti balẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni àárín yẹn gan-an ni kó rí i pé àlàfo wà. Bí bàálù méjì bá wà lórí ara wọn, ó kéré tán, ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bíi mítà 300, ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá tò tẹ̀ lé ara wọn ńkọ́? Bàálù ńlá máa ń fi ìjì sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹ́ rẹ̀, ìjì yẹn sì lè da bàálù tó kéré nù. Nítorí náà, bí bàálù bíi Boeing 737 bá ń tẹ̀ lé èyí tó tóbi gan-an wọlé, nǹkan bíi kìlómítà 9 ni wọ́n ń fi sáàárín wọn. Kò sí pé à ń fẹnu lé ara wa nídìí bíi dánfó níbẹ̀.

Bí ìlà bá gùn

Lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, dánfó lè dúró kí kọ̀ndọ́ máa pe èrò. Bàálù ò lè dúró lójú ọ̀run. Tí dídín eré kù ò bá tó, olùdarí á ní kó lọ máa yí po níbì kan tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀. Yíyí kan máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n á tò wọ́n léra bí àwo, mítà 300 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde lọ balẹ̀, àwọn yòókù á wá sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ìlà yìí kì í gùn lásán. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí rọ́nwè abẹ́lé yẹn fi wà láìní iná alẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, ẹnikẹ́ni ò lè bà síbẹ̀ mọ́. Bàálù Àbújá, bàálù Port Harcourt àti bàálù Lọ́ńdọ̀nù, rọ́nwè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń du. Oṣù keje 2022 ni wọ́n ti rọ́nwè náà pa láti fi iná sí i, wọ́n sì tún un ṣí lóṣù kọkànlá ọdún yẹn. Olùdarí lè gbọ́n bí ìjàpá, ọgbọ́n rẹ̀ ò lè rọ́pò gílóòbù.

Epo ńkọ́?

Òfin àgbáyé ní kí jẹ́ẹ̀tì ṣì ní epo tó lè gbé e fún ìṣẹ́jú 30 sí i nígbà tó bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n rádà kì í fi epo han olùdarí. Awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1990, bàálù Avianca 52 láti Kòlóńbíà yí po fún ohun tó lé ní wákàtí kan kó tó dé New York. Àwọn awakọ̀ ní epo ń tán lọ, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn láàyè ṣáájú, ṣùgbọ́n wọn ò pe ọ̀rọ̀ náà, "emergency." Epo tán. Èèyàn 73 kú nínú 158. Lónìí, ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ máa sọ ti wà nílẹ̀: "Mayday fuel." Bó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ìlà ti tú nìyẹn, gbogbo bàálù yòókù á yà fún un.

Nítorí náà, bí bàálù yín bá tún ń yí po lókè Èkó, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sọnù. Ó wà lórí ìlà ni, ẹnì kan sì ń ka ipò rẹ̀.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó máa ń bẹ̀rù bàálù. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.