Ṣé o mọ̀? Iyán wà nínú orúkọ Ògìyán
Ògìyán, oyè ọba ìlú Ẹjìgbò, jẹ́ orúkọ òrìṣà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń túmọ̀ sí “òrìṣà-jẹ-iyán”. Ẹnìkan lè béèrè bí “jẹ” ṣe di “gì”. Ìbéèrè gidi ni, èmi náà kò sì gbà pé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ti dájú. Ṣùgbọ́n “iyán” tó parí orúkọ náà hàn gbangba, ẹ̀rí rẹ̀ sì ti kọjá òkun: ní Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Oxaguiã, ọmọ odó wà lára àmì rẹ̀, iṣu gígún sì ni oúnjẹ rẹ̀. Orúkọ Aphrodite, òrìṣà obìnrin àwọn Gíríìkì, kò rí irú ẹ̀rí yìí: Hesiod, akéwì wọn àtijọ́, ní inú ìfófó òkun ló ti jáde, torí “aphros” ni ìfófó, síbẹ̀ ìfófó kò ṣàlàyé ìyókù orúkọ náà.