Ehoro àdàpọ̀ ń tètè tóbi, àmọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè kó ọlọ́sìn sí gbèsè

Gbogbo ẹni tó ń sin ehoro fún títà ló mọ̀ pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ehoro bá lò lé nínú àgò, èrè ọlọ́sìn ló ń jẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń mú akọ ìran kan gun abo ìran mìíràn, kí wọ́n lè rí ọmọ tí yóò tètè tó kílò 2. Bí àwọn kan ṣe ń jèrè nídìí ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń pàdánù, nítorí pé wọn kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí abo kan bá bímọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́dún, tí ọmọ 6 sì yè nígbà kọ̀ọ̀kan, ọmọ 30 nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ọ̀sẹ̀ 2 péré yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ gíráàmù 100 lójúmọ́, kílò oúnjẹ 42 ni ọlọ́sìn kò ní rà mọ́ lórí abo kan ṣoṣo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò oníkílò 25 méjì.

Àdàpọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìpínlẹ̀ California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George West bẹ̀rẹ̀ sí í da Himalayan pọ̀ mọ́ Chinchilla lọ́dún 1923, kó tó wá fi New Zealand White kún un. Ibẹ̀ ni ehoro Californian ti jáde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé, nígbà tí ìran méjì tí kò bára tan bá pàdé, àwọn ọmọ máa ń lágbára, wọ́n máa ń yè dáadáa, wọ́n sì máa ń tètè dàgbà. Àmọ́, ọmọ àkọ́kọ́ nìkan ni agbára yìí máa ń pé sí lára. Bí ọlọ́sìn bá tún mú àwọn ọmọ náà gun ara wọn, ìdajì agbára ọ̀hún ti lọ nìyẹn, àwọn ọmọ-ọmọ kò sì ní dọ́gba mọ́: ọ̀kan á tóbi, èkejì á rán.

Ọ̀pọ̀ ló ti kó sí pàkúté yìí nídìí Hyla, ehoro tí wọ́n fi oríṣìíríṣìí ìran pọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n á fi owó gọbọi rà á, wọ́n á máa fi í bímọ bí ẹni pé ojúlówó ìran kan ni, ẹnu á wá yà wọ́n nígbà tí ọmọ kò bá jọ ìyá.

Àwọn mìíràn gbójú lé Flemish Giant nítorí títóbi rẹ̀. Lóòótọ́, ó lè ju kílò 6 lọ, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ pọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó gbó, wáyà abẹ́ àgò sì máa ń dá egbò sí i lẹ́sẹ̀.

Ọ̀nà tó dáa ni kí ọlọ́sìn ya ojúlówó ìran sọ́tọ̀ nínú àgò tiwọn. Kó mú akọ New Zealand White gun abo ìbílẹ̀ tó ti mọ ooru ilẹ̀ wa lára, kó fi àwọn ọmọbìnrin wọn ṣe ìyá, kó wá mú akọ Californian gun wọn. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí, ọjà ni kó gbé e lọ, kó má fi ọ̀kankan sílẹ̀ fún bíbí.

Ó tún yẹ kó kọ ọjọ́ ìgùn sílẹ̀, torí bí ọjọ́ 31 ni oyún ehoro, kó sì máa wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n nígbà tó bá já wọn lẹ́nu ọmú. Àgò gbọ́dọ̀ wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí pé ooru tó bá ju ìwọ̀n 30 lọ lè mú kí akọ má lè fún abo lóyún.

Ojú tó máa bá ni kalẹ́ kì í ti àárọ̀ ṣepin. Ẹni tó bá fẹ́ jèrè ehoro àdàpọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bàbá àti ìyá rẹ̀ kó tó náwó.