Apátí Ìbọn àti Owó Àpò: Ohun tí Olùra Ìbọn Ìdíje Gbọdọ̀ Gbé Yẹ̀wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun?' Ẹni tí a dojú ìbọn kọ ni òwe yìí ń gbà nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà ẹni tí ó di ìbọn mú, ìbéèrè mìíràn ni yóò jẹyọ: irú apátí wo ni ó wà lára ìbọn náà? Apátí ni irin kékeré tí ìka ìfábẹ̀lá ń fà kí ìbọn tó dún. Fún ẹni tí ó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje, tí ó ń yin ọta sí ojú àmì, apátí yìí ni ibi tí ìpinnu ọkàn ti ń di iṣẹ́ ọwọ́. Èló ni ó wá yẹ kí ènìyàn ná lé e lórí?

Ìbéèrè náà kò jìnnà sí àwọn ará Èkó mọ́. Ní ọdún 2024, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ti Paris, àwòrán ọkùnrin ará Tọ́kì kan, Yusuf Dikeç, tàn ká orí fóònù gbogbo ayé. Ó ki ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò, ó wọ ẹ̀wù pénpé àti awò ojú rẹ̀ lásán, bí ẹni tí ń náwọ́ sí kọ́ńdọ́ mọ́tò. Òun àti Şevval İlayda Tarhan gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Àwọn ará Sẹ́bíà, Zorana Arunović àti Damir Mikec, ni ó gba wúrà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ nígbà náà pé ẹ̀rí nìyí pé ohun èlò kò já mọ́ nǹkan, pé ọwọ́ nìkan ni ó ń ṣe é. Àṣìṣe díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Awò àkànṣe àti ìbòjú ni ọkùnrin náà pa tì. Kò pa ìbọn ìdíje tòótọ́ tì. Ó mọ ohun tí ènìyàn lè ṣe láìní, ó sì mọ ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe láìní. Ọgbọ́n yìí gan-an ni olùra nílò.

ÒFIN NI ÀKỌ́KỌ́

Ìjíròrò lórí owó kò lè bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ ti òfin. Òfin tí ó de ìbọn ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, ó sì pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ tí ń lo ẹ̀tù, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní ìbọn pélébé, wà nínú ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, èyíinì ni àwọn tí òfin kà léèwọ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó ní agbára láti fọwọ́ sí i kí ẹnì kan ní in. Ìbọn ìléwọ́ tí ń lo afẹ́fẹ́ wà nínú ọ̀wọ́ kejì. Láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Ọ̀wọ́ kẹta ni ti àwọn ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu.

Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 kò lè gba ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí kò ríran dáadáa, ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní Sùúrùlérè tí ó rí ìbọn afẹ́fẹ́ olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ oníṣòwò kan kò gbọdọ̀ rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Bí kò bá ní ìwé, owó kékeré tí ó san lè gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá Pánti ní Yábàá, níbi tí owó tí yóò ná kò ti ní kéré mọ́. Ìwé àṣẹ ni owó àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùra ṣírò. Gbogbo ohun tí ó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ti ìbọn afẹ́fẹ́ ni.

IṢẸ́ TÍ APÁTÍ Ń ṢE

Ìdíje ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn wọ Òlíḿpíìkì ní ọdún 1988 ní ìlú Seoul. Olùdíje yóò dúró ní mítà 10 sí ojú àmì, yóò na ọwọ́ kan ṣoṣo, yóò sì yin ọta òjé tí ó jẹ́ mìlímítà 4.5 ní ìbú. Ọta 60 ni yóò yìn láàárín ìṣẹ́jú 75. Agbo àárín pátápátá, èyí tí ń fún ni ní máàkì 10, jẹ́ mìlímítà 11.5 péré, kò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò àgbàlagbà.

Lára ìbọn náà ni irin ìwòran méjì wà, ọ̀kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹ̀yìn, tí ojú fi ń tọ́ ìbọn sí ọ̀kánkán àmì. Ká ní àlàfo àárín méjèèjì jẹ́ mìlímítà 350. Bí ìka bá ti ń fa apátí, tí ìfà náà sì yẹ irin iwájú kúrò ní ipò rẹ̀ ní mìlímítà 1 péré, ọta yóò ti yà ní nǹkan bí mìlímítà 29 kí ó tó dé ojú àmì. Ọta tí ó yẹ kí ó gba máàkì 10 yóò gba 7. Ojú kò ṣàṣìṣe, apá kò gbọ̀n. Ìka nìkan ni ó ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. Ìbọn ìdíje sábà máa ń wúwo tó kìlógíráàmù 1, òfin ìdíje kò sì gbà kí ó ju gíráàmù 1500 lọ. Apátí rẹ̀ kò gbọdọ̀ rọ̀ ju gíráàmù 500 lọ. Àwọn adájọ́ máa ń fi òṣùwọ̀n kọ́ apátí láti yẹ̀ ẹ́ wò: bí apátí bá jábọ̀ kí ó tó gbé gíráàmù 500 sókè, wọn kò ní gbà á. Ní ìdà kejì, àwọn ìbọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí apátí wọn ń béèrè ju kìlógíráàmù 2 lọ. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ kan jáde, tí ó di ohun kìlógíráàmù 1 mú, tí ó sì ń fi agbára kìlógíráàmù 2 fà á sẹ́yìn, báwo ni ohun náà kò ṣe ní mì?

BÍ A ṢE Ń MỌ APÁTÍ TÍ Ó DÁRA

Apátí rírọ̀ nìkan kọ́ ni apátí rere. Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí olùra fi ìka ara rẹ̀ wò, lẹ́yìn tí ó bá ti fi ojú rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, tí ó sì ti kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò léwu.

Èkíní ni ìpele. Apátí ìdíje sábà máa ń ní ìpele méjì. Ìka yóò kọ́kọ́ fà á díẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì kan ohun kan bí ògiri. Ibẹ̀ ni olùdíje ti ń dúró, tí ó ń fọkàn balẹ̀, kí ó tó fà á tán. Bí ògiri náà kò bá hàn sí ìka, olùdíje kò ní mọ ìgbà tí ìbọn yóò dún.

Èkejì ni jíjá. Láti ibi ògiri náà, ó yẹ kí apátí já lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí a ṣẹ́ ẹ̀ka igi gbígbẹ. Bí ó bá ń wọ́ bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà, inú rẹ̀ kò dán.

Ẹ̀kẹta ni ìdúró lẹ́yìn jíjá. Bí apátí bá já tán tí ó ṣì ń sáré lọ sẹ́yìn, ìka yóò bá a sáré, ìbọn yóò sì mì kí ọta tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni àìyípadà. Bí olùra bá fà á nígbà 10, ó gbọdọ̀ rí bákan náà nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọwọ́ ènìyàn lè kọ́ láti gbé pẹ̀lú apátí tí ó le díẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé líle náà kì í yí padà. Kò sí ọwọ́ tí ó lè bá apátí aláyìípadà gbé.

ÀTẸ̀GÙN OWÓ MẸ́TA

Ní ọjà, ìpele mẹ́ta ni ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn pín sí. Ìpele ìsàlẹ̀ ni ti àwọn tí ń lo gáàsì inú agolo kékeré, tí a ṣe kí wọ́n jọ ìbọn ológun. Owó wọn kéré, apátí wọn sábà máa ń le, ó sì máa ń gùn. Àjọra wọn pẹ̀lú ìbọn gidi tún jẹ́ ewu fún ẹni tí ó bá gbé e jáde sí òpópónà Muṣin, nítorí ọlọ́pàá kò ní dúró wádìí kí ó tó gbèjà ara rẹ̀.

Ìpele àárín ni ti àwọn tí olùdíje ń fi ọwọ́ fa apá irin kan lẹ́ẹ̀kan láti ki afẹ́fẹ́ fún ọta kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni IZH-46, tí wọ́n ṣe ní ìlú Izhevsk ní Rọ́ṣíà. Ìrísí rẹ̀ kò fani mọ́ra, igi ìdìmú rẹ̀ kò dán, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é fi ọgbọ́n wọn sí ọ̀pá ìbọn àti apátí, apátí náà sì ṣe é tún tò bí ìka olùdíje ṣe fẹ́.

Ìpele òkè ni ti Feinwerkbau àti Walther ti Jámánì, Steyr ti Austria, Morini ti Switzerland, àti Pardini ti Ítálì. Afẹ́fẹ́ tí a ti ki sínú àgbá kékeré ni wọ́n ń lò. Òmíràn nínú wọn ní apátí tí ń lo bátìrì. Iṣẹ́ wọn péye, owó wọn sì ga fíofío.

Ẹ̀kọ́ inú àtẹ̀gùn yìí ni pé ìyàtọ̀ owó àti ìyàtọ̀ apátí kì í rìn pọ̀ dé òpin. Láti ìpele ìsàlẹ̀ sí ti àárín, apátí sunwọ̀n sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti àárín sí òkè, owó fò sókè, ṣùgbọ́n ohun tí apátí fi sunwọ̀n kò tó ohun tí owó fi lé. Ìrọ̀rùn ni olùra ń fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà rà: kò ní fa apá irin nígbà 60, ìbọn kò ní ta á pa dà lọ́wọ́, igi ìdìmú yóò sì bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mu.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ OWÓ DÚRÓ

Ẹni tí ó bá ti ra páàtì mọ́tò rí ní ọjà Ladípọ̀ ní Muṣin kò ní ṣàì lóye ìlànà yìí. Ènìyàn lè ra ìdérí táyà tí kò dára, kí mọ́tò sì rìn. Ẹni tí ó bá ra bíréèkì tí kò dára ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Bíréèkì ni apátí jẹ́ lára ìbọn.

Ká ní olùkọ́ kan ní Yábàá ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá ra ti ìpele ìsàlẹ̀, yóò máa bá apátí jà fún oṣù mélòó kan, kò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ni ó ń kùnà tàbí irin, yóò sì tún ná owó mìíràn lẹ́yìn náà. Bí ó bá yá owó ra ti ìpele òkè, kò ní sí owó fún ọta òjé, kò ní sí ti kíki àgbá, ìbọn olówó ńlá yóò sì sùn sínú àpótí. Ti ìpele àárín ni ó tọ́ sí i. Kí ó ná owó lé apátí títí àṣìṣe apátí yóò fi kéré sí àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọta àti ìdánrawò ni kí ó máa ná an lé.

Apátí rere tún ń dá owó padà lọ́nà kan. Ọ̀pọ̀ ìbọn ìdíje ni a ṣe kí olùdíje lè fa apátí láìsí ọta àti láìsí afẹ́fẹ́, kí ìbọn má sì bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó kọjú sí ògiri funfun, ń kọ́ iṣẹ́ láìná kọ́bọ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Kò burú, bí olùra bá lajú. Kí ó wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára àgbá afẹ́fẹ́, nítorí ọdún 10 ni àwọn tí ń ṣe é sábà máa ń fún un. Kí ó fi apátí dán ohun mẹ́rin tí a kà sókè yìí wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òun yóò fi áyọ̀nù rin ín kí ó lè rọ̀, kí ó gbé ìbọn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Irin kékeré méjì tí ó gbá ara wọn mú nínú ìbọn ni ó ń dá a dúró. Bí wọ́n bá ti jẹ tán, ìbọn lè dún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fà á. Nínú ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan ní Muṣin, níbi tí ọmọ aládùúgbò ń sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ojú kan tí ọta òjé bà kò ní owó ìtanràn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ apátí fi ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ. Apátí tí ó dára ni èyí tí kì í ṣe ohunkóhun títí olówó rẹ̀ yóò fi sọ pé kí ó ṣe é. Ẹni tí ó bá ń ra ìbọn, kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé, 'Ṣé yóò gbọ́ tèmi?' kí ó tó bèèrè pé, 'Èló ni?'